Tàkúté Kò Ní Ojú: Ẹjọ́ Àwọn Ọdẹ Maine àti Ẹran Tí Wọn Kò Wá

Kò sí àní-àní pé ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé tàkúté kò ní ojú. Ẹni tí ó dẹ ẹ́ mọ ẹran tí òun ń wá. Tàkúté fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ni yóò mú, ìbáà ṣe ti ẹran tí a fẹ́, ìbáà ṣe ti ajá aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ yìí, tí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú, ni ó ti gbé ìjọba Ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹranko lọ síwájú adájọ́ léraléra láti ọdún 2006. Àwa rí i pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò, nítorí ẹjọ́ náà ju ẹjọ́ ẹran lọ. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni èyí: ta ni yóò ru ẹ̀bi ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀?

Maine wà ní igun àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì bá ilẹ̀ Kánádà pààlà. Igbó ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú ilẹ̀ rẹ̀, nígbà òtútù yìnyín a sì máa bo gbogbo rẹ̀. Ní ìparí ọdún, nígbà tí irun ara ẹran bá ti ki dáadáa, ni àwọn ọdẹ onítàkúté máa ń wọ inú igbó lọ láti wá ẹran tí awọ rẹ̀ níye lórí. Ọ̀kan nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fisher. Kò sí ẹran yìí ní ilẹ̀ wa, kò sì sí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé bí kò ṣe ní Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ara rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ kún fún irun, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Akọ rẹ̀ a máa wọn láti kílò 3 ààbọ̀ dé 5 ààbọ̀, abo rẹ̀ a sì máa wọn kílò 2 dé 2 ààbọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹtà inú igbó wa, tí ó sì lè fi ojú inú fa ara rẹ̀ gùn, kí ó sì sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́, kò jìnnà sí bí ẹran náà ti rí.

Orúkọ rẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí ìtumọ̀ fisher ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni apẹja, bẹ́ẹ̀ ni ẹran yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹja pípa rárá. Ehoro, ọ̀kẹ́rẹ́, eku àti ẹyẹ ni oúnjẹ rẹ̀, a sì máa gun igi dáadáa. Ó wà lára àwọn ẹran díẹ̀ tí ó mọ bí a ti í pa òòrẹ̀: kì í fi ara kan ẹ̀yìn tí ẹ̀gún wà, ojú tí kò ní ẹ̀gún ni ó máa ń bù jẹ léraléra títí àárẹ̀ yóò fi mú òòrẹ̀ náà. Láàárín ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, igbó gígé, tàkúté tí kò ní ìwọ̀n, àti májèlé tí a ń fi sílẹ̀ fún àwọn ẹran apanijẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fisher run ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Nígbà tí ó tán ní Vermont, òòrẹ̀ di púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń bó èèpo igi jẹ. Láti ọdún 1959 dé 1967, ìjọba Vermont ní láti kó fisher 124 wá láti Maine, kí wọ́n tú wọn sínú igbó láti dá òòrẹ̀ lọ́wọ́ kọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọdẹ Maine kò mọ iye tí ẹran náà jẹ́ fún igbó. Ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni ó pèsè irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn nígbà tí tirẹ̀ tán.

Oríṣi tàkúté méjì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Èkíní ni tàkúté ẹsẹ̀, tí ń di ẹran mú láàyè títí ọdẹ yóò fi dé. Èkejì ni tàkúté apani, tí a fi irin onígun mẹ́rin méjì ṣe, tí ń pa dé mọ́ ọrùn tàbí àyà ẹran. Frank Conibear, ọdẹ kan ní Kánádà, ni ó ṣe irú èkejì yìí, ó sì dé ọjà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àánú ni ó sún un ṣe é, nítorí ó fẹ́ kí ẹran kú kíákíá jù kí ó wà nínú ìrora lórí yìnyín fún wákàtí púpọ̀. Àdéhùn tí Kánádà, Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe parí ní ọdún 1997 lórí ọ̀rọ̀ tàkúté rìn ní ọ̀nà kan náà. Àdéhùn náà ní pé, kí tàkúté apani tó yẹ fún fisher, nínú ẹran 100 tí a bá fi dán an wò, ó kéré tán 80 gbọ́dọ̀ dákú kí ìṣẹ́jú 5 tó pé.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Tàkúté ẹsẹ̀ ń fi ìyà jẹ ẹran, síbẹ̀ bí ọdẹ bá dé tí ó bá ẹran tí kò wá, ó ṣeé ṣe kí ó tú u sílẹ̀. Tàkúté apani kò fi ààyè àtúnṣe sílẹ̀. Bí ó ti ń fi àánú pa fisher kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni yóò pa ẹran mìíràn kíákíá, ọdẹ yóò sì dé bá òkú. Àánú tí a ṣe fún ẹran kan ti di ewu fún èkejì. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn, tí ó ń sọ pé kí a sáà lo irin tí ó dára jù, kò tíì wo ìhà kejì rẹ̀.

Ẹran tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ni lynx. Lynx jẹ́ ológbò igbó tí ó ga lẹ́sẹ̀, tí irun dúdú dì ní ṣóńṣó etí rẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í rì sínú yìnyín. Ehoro ni ó gbẹ́kẹ̀ lé jùlọ fún oúnjẹ. Ní apá kan Kánádà, òfin gba ènìyàn láàyè láti mú un nítorí awọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rékọjá ààlà sí Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 2000, Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ẹran tí ó wà nínú ewu, lábẹ́ òfin ọdún 1973 tí ń dáàbò bo irú ẹran bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, kì í ṣe pípa nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀; kí a mú un láàyè pàápàá kò tọ́. Igbó kan náà ni lynx àti fisher ń gbé ní Maine, ehoro kan náà ni wọ́n sì ń lé. Ọdẹ tí ó dẹ tàkúté de èkíní ti dẹ ẹ́ sí ojú ọ̀nà èkejì.

Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ kan tí ń dáàbò bo ẹranko pe ìjọba Maine lẹ́jọ́. Àwíjàre wọn ni pé ìjọba tí ó ń fún ọdẹ ní ìwé àṣẹ kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí tàkúté ọdẹ náà mú. Ní ọdún 2007, ìjọba náà bá wọn ṣe àdéhùn níwájú kóòtù, ó sì fi òpin sí títóbi tàkúté ẹsẹ̀ ní agbègbè tí lynx wà. Ní ọdún 2008, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Minnesota, tí òun náà ní lynx, dá ẹjọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà, nítorí òun ni ó fún ọdẹ láṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún pe Maine lẹ́jọ́ pé kí a dá tàkúté dúró, kóòtù kọ̀. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fi ọwọ́ sí kíkọ̀ náà ní ọdún 2010, nítorí àwọn olùpẹjọ́ kò fi hàn pé tàkúté yóò ṣe ìpalára tí kò ní àtúnṣe fún ìran lynx. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè méjì ni ó wà nínú àwọn ẹjọ́ yìí. Ọ̀kan ni ti ẹran kan ṣoṣo tí ó kú. Èkejì ni ti ìran rẹ̀ lápapọ̀. Òfin lè dákẹ́ lórí èkejì nígbà tí ọkàn ènìyàn kò dákẹ́ lórí èkíní.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Ìjọba Àpapọ̀ fún Maine ní ìwé àṣẹ kan. Ó sọ nínú rẹ̀ pé láàárín ọdún 15, bí tàkúté tí a dẹ ní ọ̀nà òfin bá ṣèèṣì mú lynx tí kò ju 195 lọ, tí èyí tí ó kú nínú wọn kò sì ju 3 lọ, a kò ní ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Inú àwọn kan dùn, inú àwọn kan bàjẹ́. Kí ó tó pé oṣù méjì sí i, lynx 2 ti kú sínú tàkúté. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò dúró de ẹ̀kẹta. Lójú ẹsẹ̀ ni ó dín àyè tàkúté kù ní agbègbè náà, àwọn ọdẹ tí kò ṣẹ̀ sì pàdánù èyí tí ó kù nínú àsìkò iṣẹ́ wọn.

Títí di ìgbà náà, ìgbẹ́kẹ̀lé òfin ni pé kí a gbé tàkúté apani sókè. Ó gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ilẹ̀ tàbí láti orí yìnyín, lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró ṣánṣán tàbí tí kò tẹ́ ju dígírì 45 lọ. Èrò wọn ni pé fisher yóò gùn ún, lynx kò sì ní lè gùn ún. Ní ọdún 2015, òfin lọ síwájú sí i. Ní agbègbè lynx, ọdẹ gbọ́dọ̀ fi tàkúté apani sínú àpótí igi tàbí ti wáyà tí ẹnu rẹ̀ kéré, kí tàkúté jìnnà sínú, kí ìjẹ sì wà níbi tí ẹran kò lè fà á láti ìta. Fisher tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yóò rá wọlé. Lynx tí orí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga, kò ní rí ọ̀nà. Bákan náà ni a kọ̀ fún ọdẹ láti fi ìjẹ sílẹ̀ ní gbangba lẹ́bàá tàkúté. Ojú ni lynx fi ń ṣe ọdẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni idì. Ìyẹ́ kan tí ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ lórí igi tó láti pè wọ́n. Imú fisher múná, yóò gbọ́ òórùn ẹran tí a bò mọ́lẹ̀.

Lójú tiwa, ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Àpótí yìí kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọkàn ọdẹ, kì í sì í ṣe ìjìyà lẹ́yìn tí ẹran ti kú. Ojú ni a fi sínú tàkúté tí kò ní ojú. Ẹni tí ó ṣe é ti ní láti jókòó rò nípa ẹran méjèèjì: bí orí wọn ti tóbi tó, bí wọ́n ti ń rìn, ohun tí ń fà wọ́n mọ́ra. Ìmọ̀ tí ọdẹ fi ń mú ẹran ni a tún lò láti má ṣe mú òmíràn. Àwọn baba wa ní bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹ̀bìtì tí ó pa ohun tí kì í ṣe eku ńkọ́? Òun náà ti jẹ gbèsè, ẹni tí ó dẹ ẹ́ ni yóò sì san án.

A kò gbàgbé ohun tí àwọn ọdẹ ń sọ. Àpótí kò fúyẹ́ láti rù nínú yìnyín, ó sì ń gba àkókò àti owó. Ẹni tí ó ní tàkúté 40 yóò ṣe àpótí 40. Wọ́n tún ń béèrè ìdí tí gbogbo ọdẹ yóò fi ru ẹrù yìí nítorí lynx 2. Ìdáhùn wa ni pé ẹrù náà wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún 2014, nígbà tí ikú ẹran 2 tó láti dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ọdẹ tí ó kan àpótí ń dáàbò bo lynx, ó sì ń dáàbò bo àsìkò iṣẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn tí ń dáàbò bo ẹranko náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní ìwé àṣẹ tí ó ka iye àṣìṣe sílẹ̀ kí àṣìṣe tó dé dà bí ẹni tí ó ra ẹ̀ṣẹ̀ ní ọjà. Ní ọdún 2015 wọ́n pe Ìjọba Àpapọ̀ lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2017 adájọ́ ní kí ìwé àṣẹ náà dúró. Ọ̀rọ̀ wọn wú wa lórí díẹ̀, nítorí ó rọrùn kí ọ̀lẹ ènìyàn ka 195 sí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó ná tán. Síbẹ̀, àwa gbà pé ìwé tí ó ní iye sàn ju ìwé tí kò ní iye lọ. Láìsí i, lynx yóò máa bọ́ sínú tàkúté bí ó ti ń bọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò kà á.

Ìṣirò náà gan-an ni ohun tí ọ̀ràn yìí rọ̀ mọ́. Inú igbó jíjìn ni a ń dẹ tàkúté. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí adájọ́. Òfin Maine ní kí ọdẹ tí tàkúté rẹ̀ bá mú lynx fi tó àwọn aláṣẹ létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n lè wá wò ó, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ bí ó bá wà láàyè. Bí ọdẹ bá ti tẹ̀ lé òfin, tí ó sì mọ̀ pé òótọ́ kò ní sọ òun di ọ̀daràn, yóò sọ. Bí ó bá rò pé ẹ̀wọ̀n ni òótọ́ yóò mú wá, yóò wa ilẹ̀, yóò bo òkú mọ́lẹ̀, yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n apá kejì ìwọ̀n náà ni pé ẹni tí ó ju àpótí sí ilé, tí ó fi ìjẹ sí gbangba, kò ní ẹ̀tọ́ sí ìdáríjì kankan. Kí a dárí ji ẹni tí ó ṣèèṣì lẹ́yìn ìṣọ́ra. Kí a jẹ ẹni tí kò ṣọ́ra níyà.

Kí a má sì rò pé irin nìkan ni kò ní ojú. Ní California, níbi tí fisher ti di ọ̀wọ́n, àwọn onímọ̀ yẹ òkú fisher 58 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní ọdún 2012. Wọ́n rí májèlé eku nínú 46 wọn, wọ́n sì fura sí oko igbó mímu tí àwọn arúfin ń dá sínú igbó ìjọba, níbi tí wọ́n ń fọ́n májèlé ká kí eku má ba ohun ọ̀gbìn wọn jẹ́. Eku ni wọ́n wá. Fisher jẹ eku, ó sì kú. Ní ọdún 2020, Ìjọba Àpapọ̀ kọ àwọn fisher gúúsù òkè Sierra Nevada sínú ìwé àwọn ẹran tí ó fẹ́ parun. Ẹran tí a ń wá ní Maine ti di ẹran tí a ṣèèṣì pa ní California. Kò sí ẹni tí ó lè kan àpótí yí májèlé ká.

Bí a bá bojú wo ilé, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Àwọn àgbẹ̀ wa a máa fi wáyà ṣe ìdẹkùn sí etí oko nítorí òyà tí ń jẹ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ń gba oúnjẹ ọmọ wọn là. Ṣùgbọ́n wáyà náà ń mú ẹtu, ó ń mú ajá ọdẹ, ó sì lè mú akíka. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ẹnu kò pé òwò akíka láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn di èèwọ̀, gbogbo irú rẹ̀ 8 pátá, nítorí ó ń parun; ìdẹkùn kò gbọ́ nípa àdéhùn yìí. A kò ní àpótí Maine, a kò sì sọ pé kí àgbẹ̀ wa kàn án. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a má dẹ ju èyí tí a lè bẹ̀ wò lójoojúmọ́ lọ, kí a sì tú gbogbo rẹ̀ nígbà tí a bá kórè tán. Wáyà tí a gbàgbé sínú igbó kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Yóò máa pa ẹran fún ẹni tí kò ní jẹ ẹ́.

Nítorí náà, sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, èsì wa ni pé ẹ̀bi ohun tí a kò fẹ́ ṣe kò kúrò lọ́rùn wa bí a bá ti mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ìjọba tí ó fúnni láṣẹ ní tirẹ̀ nínú rẹ̀, ọdẹ tí ó dẹ tàkúté sì ní tirẹ̀. Maine kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 15 ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò pé ní 2029, nígbà náà ni a ó sì ka iye lynx tí tàkúté mú, tí a ó tún béèrè bóyá a pa àdéhùn mọ́. Àwa yóò fẹ́ kí ìṣirò ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí ọdẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, láìfi òkú kankan pamọ́ sábẹ́ yìnyín.